Igi wo ló yẹ fún etí ọkọ̀ ojú omi?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí ẹ ń gba ojú ọ̀sà lọ sí Aguégués. Ó kan ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí odò Ouémé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ yín kọjá. Ó tún kan àwọn ará wa ní agbègbè Atakpamé, ní Tógò, tí wọ́n mọ omi ńlá tí ìdènà Nangbéto ti kó jọ sórí odò Mono láti ọdún 1987. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọkọ̀ onípákó kékeré, tàbí tó fẹ́ kan tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Kì í ṣe pákó ara ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ìyẹn, àwọn tó ń kan ọkọ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Igi etí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹnu ọkọ̀ lókè, láti iwájú dé ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Lédè Faransé, plat-bord ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá yọ síta láti gba ìkọlù, liston nìyẹn. Mo ka igi ìdábùú tí èrò ń jókòó lé mọ́ ọn, àti igi onígun mẹ́ta tí wọ́n fi ń so iwájú ọkọ̀ pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á wá pákó gidi fún ara ọkọ̀, àmọ́ tó bá kan igi etí, wọ́n á ní kí káfíńtà fi èyí tó bá ṣẹ́kù ṣe é.

Ẹ wo agbọ̀n tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sọ́jà. Tí etí agbọ̀n bá ti já, kì í pẹ́ tí ara agbọ̀n náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú, bó ti wù kí wọ́n hun ún dáadáa tó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ rí. Ẹ kó èèyàn mẹ́jọ àti àpò àgbàdo sínú rẹ̀, kí ìgbì gbé iwájú rẹ̀ sókè nígbà tí ẹ̀yìn ṣì wà nílẹ̀: ọkọ̀ á lọ́ díẹ̀, á tún padà. Igi etí ló ń kó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra tí wọn ò fi ṣí. Tó bá ti jẹrà, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á máa mì, ìṣó á máa rọ̀, òwú tí wọ́n kì sáàárín pákó á máa yọ jáde. Ẹ̀yin á máa wá ibi tó ń jò nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkè ni nǹkan ti kọ́kọ́ bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, níbo lèèyàn ń di mú nígbà tí ọkọ̀ bá fì? Etí náà ni. Lásìkò tí Ouémé bá kún, tí àwọn ọmọ ń wọ ọkọ̀ lọ sílé ìwé, igi tó máa ya mọ́ ọmọ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Kí ló wá ń ba igi etí jẹ́? Kì í ṣe kòkòrò inú omi iyọ̀, èyí tí Faransé ń pè ní taret, tó máa ń lu ìdí ọkọ̀ ní ihò. Ìyẹn kì í gòkè débẹ̀. Òjò àti oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ohun tó ń jẹ igi rà jẹ́ ìbátan olú tó ń hù lára kùkùté; ó nílò omi, ó sì nílò atẹ́gùn. Igi tó wà lábẹ́ omi títí kì í rí atẹ́gùn tó, igi tó gbẹ kì í rí omi, nítorí náà àwọn méjèèjì máa ń pẹ́. Igi etí ni òjò ń rin láàárọ̀, tí oòrùn ń yan lọ́sàn-án, tí ìrì tún ń sẹ̀ sí lóru. Omi òjò tó bá wọ àárín igi etí àti pákó kì í tètè rí ọ̀nà jáde. Ẹ sì má rò pé omi ọ̀sà tó níyọ̀ ló burú jù fún un. Iyọ̀ tiẹ̀ máa ń dí ìjẹrà lọ́wọ́ díẹ̀. Omi òjò ló ń pa igi.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé igi wo ló dára, orúkọ ni yóò sọ fún yín: ìrókò, tíìkì, ọ̀gànwó. Orúkọ nìkan kò tó. Ẹ lọ wo ìdí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Àwọ̀ méjì lẹ ó rí. Apá kan sún mọ́ èèpo, ó funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Aubier ni wọ́n ń pè é lédè Faransé. Apá kejì wà láàárín, ó dúdú jù ú lọ. Òun ni cœur, ọkàn igi. Apá funfun ni igi fi ń fa omi láti gbòǹgbò lọ sí ewé, oúnjẹ igi ló sì kún inú rẹ̀. Oúnjẹ yìí náà ni kòkòrò àti ìjẹrà ń wá. Ọkàn igi ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fífa omi. Igi ti kó nǹkan kíkorò àti òróró sínú rẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kòkòrò ń sá fún. Nígbà tí wọ́n bá sọ pé ìrókò kì í jẹrà, ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Apá funfun ìrókò lè jẹrà ṣáájú ọkàn igi míì tí kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe ń tún un sọ ní kíláàsì: ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí pákó ti wá lára igi, kí ẹ tó béèrè orúkọ igi.

Ọ̀rọ̀ yìí kan tíìkì ju gbogbo igi yòókù lọ. Igi Íńdíà, Burma àti Thailand ni, kì í ṣe igi tiwa, ṣùgbọ́n ó ti di ará ilé ní Benin. Ìjọba ní oko tíìkì ńláńlá nínú àwọn igbó bíi Agrimey, Djigbé, Toffo àti Lama. Àwọn àgbẹ̀ gúúsù náà ń gbin tiwọn, wọ́n sì máa ń gé e nígbà tó ṣì kéré láti fi ṣe ọ̀pá ilé. Ọkàn tíìkì tó ti dàgbà, ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e: òróró wà nínú rẹ̀, omi kì í tètè mú un wú, kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́, ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tíìkì tó ṣì jẹ́ ọmọdé, apá funfun ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹni tó bá la irú ẹ̀ sí pákó, á rí i pé etí kan ní àwọ̀ wúrà, etí kejì funfun bí ẹ̀kọ. Olùtajà á ní, "Tíìkì ni o, ẹ má fòyà." Irọ́ kọ́ ló pa, tíìkì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, apá tó ní àwọ̀ wúrà nìkan ni kí ẹ sanwó fún. Tí kò bá gbà, ẹ wá ibòmíràn lọ. Àwọn kan á fi epo mótò pa á kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba ní dúdú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ìfági fá ibi kékeré kan, àwọ̀ tòótọ́ á jáde.

Ìrókò ńkọ́? Bàbá ni. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ ọ́ náà ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ, iroko ni wọ́n ń kọ káàkiri ayé. Ọkàn rẹ̀ le, ó dúró gbọin, mítà oníhà mẹ́ta kan rẹ̀ tó bá ti gbẹ máa ń wọn nǹkan bíi 650 kílò, tíìkì náà ò jìnnà sí iye yẹn. Fún igi etí, n kò mọ èyí tí mo lè mú ju ìkejì lọ nínú àwọn méjèèjì, tó bá jẹ́ ọkàn ìrókò gidi lẹ rí. Ìṣòro ni pé kì í yá láti rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìrókò tó dúró ní ojúbọ kì í ṣe ti ayùn. Gbígbìn rẹ̀ ò sì rọrùn bíi ti tíìkì, torí kòkòrò kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Phytolyma, tó máa ń mú kí ewé àti ọ̀mùnú rẹ̀ wú bíi kókó nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gbìn, tí orí rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí oko ìrókò kò fi pọ̀ bí oko tíìkì. Ẹni tó bá ní ìrókò lóko baba rẹ̀ tó fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ Eaux et Forêts. Òfin 93-009 ti ọjọ́ 2 juillet 1993 ló dá lórí igbó àti igi nílẹ̀ Benin, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba pákó lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà.

Nǹkan méjì míì nípa ìrókò, kí ó má bàa yà yín lẹ́nu. Nígbà míì, òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, funfun bí ẹfun, igi fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Ayùn tó bá kan án, eyín rẹ̀ á kú. Eruku rẹ̀ sì máa ń yún ara, ó ń mú èèyàn sín. Kí ẹni tó ń fá a fi aṣọ bo imú.

Àwọn igi yòókù, mo máa fi orúkọ Faransé kún ti wa, torí orúkọ Faransé ni ẹ ó bá pàdé níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Àpá ni lingué. Ó wúwo, nǹkan bíi 800 kílò nínú mítà oníhà mẹ́ta, ó le, kì í jẹrà bọ̀rọ̀, kì í sì súnkì púpọ̀. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ ló súnmọ́ ọn jù. Igi ọ̀dàn ni, òun náà ni àwọn Fúlàní ń gé ewé rẹ̀ fún màlúù lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dára gan-an fún igi ìdábùú àti fún ibi tí okùn ti ń ha ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti tẹ̀. Òpepe, tí í ṣe bilinga, pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ọsàn, ọkàn rẹ̀ wà lára àwọn tó lágbára jù lọ sí omi, wọ́n fi ń ṣe òpó èbúté. Tí ọkọ̀ yín bá máa ń gbá èbúté tàbí ọkọ̀ míì lójoojúmọ́, ẹ fi òpepe ṣe liston. Ẹ lu ihò kí ẹ tó kan ìṣó, torí ó máa ń là.

Ọ̀gànwó, acajou, ni gbogbo èèyàn fẹ́ nítorí ẹwà rẹ̀. Ti ọ̀dàn, caïlcédrat, òun ni wọ́n gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, tí wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo. Ó dára fún ìjókòó àti ibi tí ojú ń rí. Síta, kò tó tíìkì, ó sì nílò fẹ́rníìsì tí a ń tún ṣe déédéé. Ìdígbò, framiré, fúyẹ́, kì í lọ́, ẹni tí ò rówó tíìkì lè lò ó tí yóò bá kùn ún. Ṣùgbọ́n tí òjò bá pa á kó tó rí ọ̀dà, omi aláwọ̀ yẹ́lò á máa jáde lára rẹ̀, ó sì máa ń ran aṣọ; ìyá tó wọ aṣọ funfun lọ sí ìsìnkú kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Afàrà (fraké tàbí limba) àti arère (samba) ni mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti gé, owó wọn kì í pọ̀, ojú wọn mọ́. Níta gbangba, wọn kì í pẹ́ rà. Kódà ọkàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí apá funfun ní ti agbára. Ìrókò tó funfun jù, ẹ ṣọ́ra, ó lè jẹ́ arère ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ gbé e wò: arère kì í ju nǹkan bíi 380 kílò lọ nínú mítà oníhà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ìwúwo ìrókò. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n.

Ẹ ti rí igi, ẹ ti rí ọkàn rẹ̀. Ó ku iṣan. Igi etí gùn, ó tín-ín-rín, ẹ sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Tí iṣan rẹ̀ ò bá gùn láti orí dé ìdí, tó jẹ́ pé ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni yóò ti ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, tàbí kó ya di ẹ̀gún tó máa gún ọwọ́ èèyàn lẹ́yìn ọdún kan. Ojú lásán lè tan èèyàn jẹ. Àyẹ̀wò kan wà tí mo fẹ́ràn, ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ẹ wá íńkì olómi, irú èyí tí a ń ki bọ inú ìgò láyé àtijọ́ ní école, ẹ kán an lẹ́ẹ̀kan sójú pákó tí wọ́n ti fá, kẹ́ ẹ sì kán an lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà. Íńkì ò ní tàn kálẹ̀ bákan náà, ó máa sá tẹ̀lé iṣan igi, á sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi rúlà fa ìlà tó bá etí pákó mu, kẹ́ ẹ wò ó bóyá íńkì ń bá a lọ. Tó bá yà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ nínú sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ má fi ṣe igi etí. Ó ṣì wúlò fún ìjókòó kúkúrú. Ibi méjèèjì ni kí ẹ yẹ̀ wò o, ojú àti ẹ̀gbẹ́, torí iṣan lè gún lójú kó sì yà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìrókò àti òpepe ní ìwà kan: iṣan wọn máa ń dì mọ́ra, àwọn kan lọ síbí, àwọn kan lọ sọ́hùn-ún. Ìyẹn ò burú, ó tiẹ̀ ń mú kó ṣòro láti là, àmọ́ ìfági á máa fà á ya tí kò bá mú. Kókó igi, ìyẹn ibi tí ẹ̀ka ti yọ, èyí tó tóbi ju èékánná àtàńpàkò lọ kò yẹ kó wà lára igi tí ẹ máa tẹ̀.

Pákó tútù náà ò dára. Ẹ kàn án lónìí, bó ṣe ń gbẹ ni yóò máa súnkì, ojú ìsopọ̀ á là, ìṣó á rọ̀. Àwọn káfíńtà àgbà ní Yúróòpù máa ń ka ọdún kan fún pákó tó nípọn tó mílímítà 25. Níbi tí oòrùn wa wà, ó máa ń yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ní etí ọ̀sà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń rin, kì í yá tó bí ẹ ṣe rò. Ẹ tò ó lábẹ́ òrùlé, kì í ṣe nínú oòrùn, kí ẹ fi igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sáàárín pákó kan àti èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi ọ̀dà kun orí rẹ̀ méjèèjì, torí ojú ibi tí wọ́n ti gé e ni omi ti ń yára jáde jù, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ń sán. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé ègé kékeré kan, kì í ṣe ní orí pátápátá, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí orí díẹ̀. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n ilé ìdáná. Ẹ wá yan án díẹ̀díẹ̀ lórí iná tí kò le títí tí ìwúwo rẹ̀ ò ní dín kù mọ́. Ká ní ó wọn gíráàmù 230 níṣàájú, tó wá di 200. Omi tó jáde jẹ́ 30. Ẹ fi 200 pín 30: 15% nìyẹn. Ó ti tó fún iṣẹ́ ọkọ̀ ní àyíká wa. Tí ẹ bá rí 25% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dá a padà sí ibi tí wọ́n tò ó sí, kẹ́ ẹ ní sùúrù.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó, nítorí ibẹ̀ ni ẹnu ti máa ń kò. Ká sọ pé ọkọ̀ yín gùn ní mítà 6. Nítorí pé etí ọkọ̀ tẹ̀, ẹ wọn mítà 6 àti ààbọ̀ fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kan igi etí kan síta, ọ̀kan sínú, ìyẹn igi mẹ́rin. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní mílímítà 50, kó nípọn ní 25. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ò ju nǹkan bíi 0,033 mítà oníhà mẹ́ta lọ, ìwúwo rẹ̀ tó bá jẹ́ tíìkì tàbí ìrókò sì máa wà ní nǹkan bíi kílò 21. Ẹ fi wé pákó tó lọ sí ara ọkọ̀! Igi díẹ̀ báyìí ni, tí owó ò bá tó, ẹ dín nǹkan míì kù. Ẹ fi ọ̀dà aláràbarà sílẹ̀, ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń yà sára ọkọ̀ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Pákó tó gùn tó mítà 6 àti ààbọ̀ tí iṣan rẹ̀ gún kì í rọrùn rí, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ lọ gba èyí tí kò dáa. Ẹ so méjì pọ̀. Kí káfíńtà gé orí méjèèjì ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń bẹ́ ṣóńṣó ìfèrè esùsú, tí Faransé ń pè ní en sifflet. Ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ní láti gùn tó ìlọ́po mẹ́jọ ìnípọn igi: mílímítà 25 á gba sẹ̀ǹtímítà 20. Kí ojú ìsopọ̀ ọ̀tún má ṣe dojú kọ ti òsì, kó má sì sí níbi tí ọkọ̀ ti tẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ tíìkì lẹ fẹ́ lẹ̀, òróró rẹ̀ máa ń kọ colle. Ẹ fá a lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi acétone nù ún, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Fún títẹ̀, ẹ má fi agbára nìkan ṣe é. Ọ̀nà àtijọ́ ni kí igi wà nínú ooru omi fún nǹkan bíi wákàtí kan fún mílímítà 25 ìnípọn. Ẹ lè wé àpò ọ̀rá mọ́ ọn kí ẹ máa da omi gbígbóná sí i, kí ẹ sì fi okùn fà á mọ́ ara ọkọ̀ kí ó tó tutù. Tí iwájú ọkọ̀ bá tẹ̀ jù, igi méjì tó tín-ín-rín, mílímítà 12, tí a lẹ̀ pọ̀ lórí ara wọn, sàn ju ọ̀kan tó nípọn tó ń jà yín níyà.

Ìṣó irin lásán, ẹ má kàn án mọ́ àwọn igi wọ̀nyí. Nǹkan kíkorò tí mo ní ó wà nínú ọkàn igi, tí omi bá kan án, ó máa ń jẹ irin. Ibẹ̀ á dúdú bí aró, irin á yó, igi tó yí i ká náà á rọ̀. Ìdígbò ló burú jù nínú èyí, àmọ́ ìrókò náà ń ṣe é. Bàbà, idẹ tàbí inox ló dára. Tí agbára ò bá gbé e, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò (galvanisé). Ẹ lu ihò ṣáájú. Ẹ da gudrọ́n tàbí mastic sáàárín igi etí àti pákó kí omi òjò má rí ibi sùn. Igi etí ti inú, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ fi ègé igi kéékèèké sẹ́yìn rẹ̀, kí àlàfo wà láàárín wọn, kí omi lè ṣàn jáde nígbà tí ẹ bá dojú ọkọ̀ dé.

Ó ku ohun tí a ó fi pa á. Ọ̀pọ̀ ń lo epo mótò tó ti ṣiṣẹ́ tán, huile de vidange. Mo mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Lójú tèmi, kò yẹ lára igi etí. Ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹja àti ẹ̀fọ́ ń fara kàn án, ọmọ tó di í mú á fi ọwọ́ kan náà jẹ gàrí, ìyókù á sì ṣàn sínú omi tí a tún ń pọn. Òróró lín (huile de lin) dára, kò ṣòro láti tún ṣe: ẹ fi pa igi gbígbẹ, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò, ẹ tún pa á lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Àkísà tí ẹ fi nù ún, ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Tí ẹ bá ká a jọ sí igun ilé, ó lè gbaná fúnra rẹ̀, òótọ́ ni mò ń sọ. Fẹ́rníìsì náà dára lójú, ṣùgbọ́n oòrùn wa ń bó o, tó bá ti ṣí níbì kan omi á gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọkàn tíìkì tí ẹ kò fi nǹkan kan pa rárá á di eérú lójú, inú rẹ̀ á sì wà bó ṣe wà.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo nǹkan, ẹ dojú ọkọ̀ dé sórí igi méjì kí etí rẹ̀ má kan ilẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, ẹ máa fi ṣóńṣó rẹ̀ tẹ igi etí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá ní ojú ìsopọ̀, ní ìdí ìṣó, àti ní orí méjèèjì. Níbi tí ọ̀bẹ bá ti wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ gé ibẹ̀ kúrò títí tí ẹ ó fi kan igi tó le, kẹ́ ẹ fi ègé tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kí òjò àkọ́kọ́ tó dé.